Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra kọ̀ǹpútà gẹ́ẹ̀mù l'Ógbómọ̀ṣọ́, ẹ ka eléyìí kẹ́ ẹ tó sanwó

Ẹ jọ̀ọ́, pàápàá ẹ̀yin ọmọ LAUTECH, ẹ gbọ́ o. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Under G tí àwọn ọmọ iléèwé ti máa ń wá gbá gẹ́ẹ̀mù bọ́ọ̀lù, ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun. Oṣù tó kọjá mo ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan ní ₦310,000 lọ́wọ́ bọ̀ọ̀dá kan nígboro níbí, ó ní processor ẹ̀ (ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, iléeṣẹ́ Intel ló ṣe é) Core i7 generation 9 ni, pé kò sí gẹ́ẹ̀mù tí ò ní gbé. Sítíkà i7 wà lára ẹ̀, Windows 11 ló wà nínú ẹ̀, ó tún ṣí ibi tí Windows máa ń kọ orúkọ processor sí, i7-9700 ni mo fojú ara mi rí. Mo ní kó pa á kó tún un tàn, ó ní rárá, iná ò dúró, kó má lọ ba disk jẹ́. Mo gbà fún un.

Mo délé, mo tàn án, orúkọ ti yí padà: i7-2600. Ọdún 2011 ni Intel gbé ìyẹn jáde o! Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á wọ inú registry Windows lọ, ìyẹn ibi tí Windows ń kọ ètò ẹ̀ pamọ́ sí, wọ́n á tẹ orúkọ tó bá wù wọ́n síbẹ̀, á sì dúró bẹ́ẹ̀ títí wọ́n á fi pa kọ̀ǹpútà, tẹ́ ẹ bá wá tún un tàn Windows á bi processor fúnra ẹ̀ léèrè, àṣírí á tú.

GTA V ti 2015, ó gbé e dáadáa, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n FC 24, gẹ́ẹ̀mù bọ́ọ̀lù tí EA tó ṣe é ní ó kéré tán kí processor jẹ́ i5-6600K (generation 6), ṣe ló ń gan tí bọ́ọ̀lù bá ti dé iwájú gólù, ọmọ tó sanwó wákàtí kan dìde, ó ní kí n dá owó òun padà, mo sì dá a padà. Mo pe bọ̀ọ̀dá yẹn, ó ní kí n fi RAM, ìyẹn memory, kún un. Mo fi 8GB kún un, owó tún lọ, kò yí nǹkan kan padà. Graphics card ńlá (èyí tó ń ya àwòrán gẹ́ẹ̀mù) náà ò lè tán an, torí processor ló ń gbéṣẹ́ fún card, ó dà bí ìgbà tí ìyá kan ṣoṣo bá ń bu àmàlà fún gbogbo àlejò ìgbéyàwó, àwọn agbáwo ì bá pọ̀ tó báwo, bí ọwọ́ ìyá yẹn bá ṣe yá tó náà lèèyàn máa rí jẹ. Gẹ́ẹ̀mù míì ò tiẹ̀ ní ṣí rárá, torí wọ́n ń wá AVX2, irú àṣẹ kan tí processor gbọ́dọ̀ lóye, ìyẹn ò sì sí nínú Core i7 àfi láti generation 4, 2013.

Torí náà "i7" nìkan ò sọ nǹkan kan fún yín. Ẹ wo nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e: 2600, generation 2 nìyẹn; 9700, generation 9; 12100, generation 12. Àní i3-12100 ti 2022 á na i7-2600 nínú gẹ́ẹ̀mù, i3 lásán o. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n pa á lójú yín kí wọ́n tún un tàn, ẹ wọ BIOS (ojú ìwé ètò tó máa ń ṣí kí Windows tó wọlé), ẹ ka orúkọ níbẹ̀, torí àwọn kan ti gbọ́n débi pé ayédèrú orúkọ náà á tún padà wá fúnra ẹ̀ nínú Windows. Ẹ gbé CPU-Z, app tó ń sọ irú processor tó wà nínú kọ̀ǹpútà, dání lórí flash. Ẹ wo Task Manager inú Windows náà: i7-9700 gidi, cores (àwọn òṣìṣẹ́ inú processor) 8 ló máa kọ, tèmi kọ 4. Ẹ má sì jẹ́ kí Windows 11 tàn yín jẹ, Microsoft ò fọwọ́ sí i fún ọ̀pọ̀ jù lọ Intel tí ò tó generation 8, tipátipá ni wọ́n fi ń gbé e sí i.

i7-2600 kì í ṣe nǹkan burúkú, ẹni tó fẹ́ fi tẹ project tàbí kó fi wo fíìmù, á sìn ín dáadáa. Irọ́ yẹn ló dùn mí, àti iye tó gbà. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni bọ̀ọ̀dá yẹn ń fúnni láti dá ọjà padà, ó sì ti kọjá nígbà tí mo ṣì ń wá RAM kiri. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra "generation 9" nígboro, ẹ pa á lálẹ́ òní, kẹ́ ẹ tún un tàn, kẹ́ ẹ ka orúkọ nínú BIOS, tí kì í bá ṣe èyí tí wọ́n sọ fún yín, ẹ gbé e padà lọ bá wọn láàárọ̀ ọ̀la, kẹ́ ẹ mú ríṣíìtì dání.