Àyẹ̀wò Proxmox VE: Bí ó ṣe ń so mọ́ ibi ìpamọ́ orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbi tí iná kì í dúró

Proxmox VE ni mo fi ń bójú tó sáfà àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké ní Kabba àti Mopa, nítorí ó ń jẹ́ kí sáfà kan ṣe iṣẹ́ ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, èyí tí a ń pè ní VM. Vienna ní Austria ni wọ́n ti ń ṣe é, orí Debian (ọ̀kan lára àwọn irú Linux) ni wọ́n gbé e lé, ọ̀fẹ́ sì ni: ẹni tí kò san owó ọdọọdún lè lo gbogbo iṣẹ́ inú rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò ni ìsopọ̀ rẹ̀ mọ́ NAS (ẹ̀rọ ìpamọ́ fáìlì orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) nípasẹ̀ NFS (ìlànà tí ẹ̀rọ kan fi ń lo fáìlì tó wà lórí òmíràn), nítorí ibẹ̀ ni wàhálà pọ̀ sí. Bí ìsopọ̀ náà bá já, gbogbo ohun tí Proxmox máa ń sọ ni pé ibi ìpamọ́ náà kò sí lórí ìlà. Kò ní sọ bóyá wáyà ló yọ, bóyá fáyàwọ́ọ̀lù (ètò ààbò nẹ́tíwọ́ọ̀kì) ló dí ọ̀nà, tàbí NAS ni kò gba sáfà láàyè. Àléébù gidi lèyí, pàápàá fún olùkọ́ tí wọ́n fi iṣẹ́ sáfà kún iṣẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n nítorí pé Debian wà nísàlẹ̀, èèyàn lè tọpa ọ̀ràn náà dé ìdí. Ẹ kọ́kọ́ fi àṣẹ ping wò ó bóyá NAS ń dáhùn, lẹ́yìn náà kí ẹ lo «pvesm scan nfs» pẹ̀lú àdírẹ́sì rẹ̀, láti rí àwọn ibi ìpamọ́ tí ó ṣí sílẹ̀. Bí ping bá dáhùn tí scan kò sì mú nǹkan wá, ọ̀rọ̀ pọ́ọ̀tù (ẹnu-ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ní nọ́ńbà) ni ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò: NFS 4 kò nílò ju 2049 lọ, ṣùgbọ́n NFS 3 àti àṣẹ scan náà tún nílò 111 àti pọ́ọ̀tù mountd (ètò tó ń dáhùn ìbéèrè ìsopọ̀ lórí NAS). Bí ó bá so pọ̀ tí kò jẹ́ kí ẹ kọ nǹkan sí i, ẹ lọ wo NAS, nítorí ó ṣeé ṣe kí ó má gba root (aṣàmúlò tó ní gbogbo àṣẹ) láàyè; ètò «no_root_squash» lórí NAS ló ń ṣí ọ̀nà náà. Èyí tó le jù láti mọ̀ ni èyí tí fáìlì kékeré ń kọjá tí ńlá sì ń há: ó sábà máa ń jẹ́ pé MTU (ìwọ̀n tí ìdì dátà kan lè tóbi dé) 9000 wà ní apá kan, 1500 sì wà ní òmíràn. «ping -M do -s 8972» yóò tú u fó.

Ọ̀rọ̀ iná ló mú kí n fẹ́ràn rẹ̀ jù. Bí iná bá dé, sáfà lè jí ṣáájú NAS. Proxmox á máa gbìyànjú títí ibi ìpamọ́ náà yóò fi padà, ṣùgbọ́n VM tó ti kọ̀ láti dìde nígbà tí kò rí dísíìkì rẹ̀ kò ní dá dìde. Nínú ètò sáfà, lábẹ́ System, ní Options, ẹ lè sọ pé kí ó dúró di ìṣẹ́jú àáyá 300 kí ó tó jí àwọn VM. Ní ìlú tí iná ń lọ tó ń bọ̀, mo ka ètò yìí sí pàtàkì ju ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n fi ń polówó irú ẹ̀rọ báyìí lọ. Mo dámọ̀ràn rẹ̀ fún ilé-ìwé àti ilé ìwòsàn, bí ẹnìkan níbẹ̀ bá lè tẹ àṣẹ Linux, tí inverter tó ń gbé sáfà bá sì ń gbé NAS àti switch (ẹ̀rọ tó so wọ́n pọ̀) pẹ̀lú.