Ṣájà Tó Ń Dá Fóònù Mọ̀ àti Èyí Tó Kàn Ń Gbé Iná: Èwo Ni Kí Ẹ Rà?

Bí ẹ bá dé Queen Cinema ní Ìbàdàn, tí ẹ ní ṣájà lẹ wá rà, ohun tí ọmọ ìsọ̀ máa kọ́kọ́ bi yín ni, "Bọ̀dá, ti èló?" Ó ṣọ̀wọ́n kó bi yín pé fóònù wo lẹ ń lò. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìbéèrè yẹn gan-an ni ṣájà gidi máa ń bi fóònù kó tó gbé iná tó le fún un. Nílùú tí iná ti lè wá fún wákàtí méjì kó tún lọ, ṣájà tí kò mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ á kàn fi àsìkò yín ṣòfò ni.

Ẹ wo inú ihò USB àtijọ́, èyí tó fẹ̀ pẹrẹsẹ tí wọ́n ń pè ní A. Irin mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Méjì tó wà létí ló ń gbé iná. Méjì àárín, D+ àti D-, ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Bí fóònù bá tẹ́tí sí méjì àárín yìí tí kò gbọ́ àmì tó mọ̀, á rò pé kọ̀ǹpútà ni wọ́n ki òun bọ̀, á sì rọra máa fa bíi 0.5A (A ni wọ́n fi ń wọn bí iná tó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó). Ìdí nìyí tí ṣájà tí wọ́n kọ "2.4A" gàdàgbà sí lára fi lè máa wọ́ bí ìgbín.

Kékeré olówó pọ́ọ́kú

Nínú èyí, wọ́n kàn so D+ àti D- pọ̀ ni. Ìlànà tí àwọn oní-USB gbé jáde lọ́dún 2010 ní kí fóònù tó bá bá méjèèjì ní síso mọ̀ pé ara ògiri lòun wà, ó sì lè fà tó 1.5A. Kò burú fún fóònù tọ́ọ̀ṣì àti rédíò. Ṣùgbọ́n iPad àti iPhone àtijọ́ ń wá 2.7V lórí irin méjèèjì (V ni wọ́n fi ń wọn agbára tó ń ti iná) kí wọ́n tó fa 2.4A, àwọn tábúlẹ́ẹ̀tì Samsung kan sì ń wá 1.2V ní tiwọn. Àmì kan ṣoṣo ni ṣájà yìí ní.

Èyí tó ní áísì tó ń dá ẹ̀rọ mọ̀

Áísì kékeré kan, ìyẹn ẹ̀yà tíntín tó ń ṣe bí ọpọlọ fún ṣájà, wà nínú èyí, òun ló ń dán àmì wò. Á kọ́kọ́ gbé ti Apple síta, á máa ṣọ́ bí fóònù ṣe ṣe sí i. Tí kò bá jẹ́ ti Apple, á yí i padà sí síso pọ̀ tàbí 1.2V. Ó dà bí ìyá ọlọ́jà Gbági tó kí yín ní Yorùbá, tó rí i pé ẹ ò dáhùn, tó bá fi Haúsá kí yín. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti parí. Wọ́n lè kọ "Smart IC" sí i lára, ayédèrú náà sì mọ̀ ọ́n kọ. Ààlà rẹ̀ ni pé 5V ni kò kúrò lórí ẹ̀, 12W ni gbogbo agbára rẹ̀ (W ni V lọ́nà A: 5V lọ́nà 2.4A). Ilé tí fóònù oríṣiríṣi pọ̀ sí ló yẹ.

Quick Charge àti PD

Quick Charge, ìlànà ìgbaná kíákíá ti Qualcomm, ṣì ń gba D+ àti D- sọ̀rọ̀: fóònù á fi 0.6V sórí D+, tí ṣájà bá dáhùn, fóònù lè ní kó gbé 5V lọ sí 9V tàbí 12V. PD (Power Delivery) ní tirẹ̀, inú ihò C, èyí tó kéré tí etí rẹ̀ rí roboto, ló wà, irin mìíràn tó ń jẹ́ CC ló sì ń lò. Ṣájà á ka ohun tó ní lọ́jà sílẹ̀, 5V, 9V, 15V, 20V, fóònù tàbí láptọ́ọ̀pù á mú èyí tó wù ú. Láti 2021 ni ìlànà rẹ̀ ti fàyè gba 240W, àmọ́ ta ló fẹ́ ru ìyẹn lọ sí Agbowó?

PD ni mo fẹ́ràn jù, síbẹ̀ ó ti dójú tì mí rí. Mo ra fìtílà kan tí à ń ṣájì, ihò C ló ní. Mo fi wáyà C-sí-C so ó mọ́ ṣájà PD mi, kò gbaná. Mo gbé e padà, onísọ̀ ní èmi ni mo bà á jẹ́. Nígbà tí mo tú ìdí ẹ̀, mo rí ibi tí wọ́n kọ R1 àti R2 sí lórí pátákó, òfìfo ni méjèèjì. Resistor 5.1k méjì, ẹ̀yà kékeré tó ń dí iná lọ́nà, ló yẹ kó wà níbẹ̀, òun ni fìtílà fi ń sọ pé, "Èmi rèé o." Tí ihò C ti PD kò bá gbọ́ ìyẹn, kò ní tú iná síta rárá. Mo mú wáyà A-sí-C, ó gbaná lójú ẹsẹ̀, torí ihò A kì í béèrè ẹni tó kan ilẹ̀kùn kó tó gbé 5V síta.

Nítorí náà, èyí tó ní ihò C ti PD àti ihò A kan lára, bíi 30W, ni kí ẹ rà tí ẹ bá lè rà á. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ní láptọ́ọ̀pù ihò C lè wá 65W, kó má sì ra wáyà yẹpẹrẹ sí i: wáyà C tí kò ní áísì nínú orí kì í gbé ju 3A lọ, 60W nìyẹn lórí 20V. Bó bá ní ihò mẹ́ta, ẹ mọ̀ pé wọ́n á pín 65W yẹn láàárín ara wọn. Ẹ wá "100-240V" lára rẹ̀ pẹ̀lú, torí iná alẹ́ tó máa ń rẹlẹ̀. Àwọn fóònù OPPO tó ń lo VOOC, ìlànà ìgbaná kíákíá tiwọn, ṣájà tiwọn àti wáyà tiwọn ni kí ẹ má sọ nù. Ṣájà mìíràn á fún wọn níná, ṣùgbọ́n kò ní yá tó bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ tó jáde nílé, ẹ jẹ́ kí bátìrì lọ sílẹ̀ sí bíi 30%, torí bátìrì tó ti fẹ́ kún kì í fa iná púpọ̀, ẹ ò sì ní mọ ojúlówó yàtọ̀. Ẹ ki fóònù bọ̀ ọ́ níwájú onísọ̀, kí ẹ wò ó bóyá ó kọ pé òun ń yára gbaná. Àwọn míì ní míítà USB kékeré tó ń fi V àti A hàn. Ẹ ní kí wọ́n fi í sáàárín. Tó bá ṣì wà lórí 5V nígbà tí wọ́n ní Quick Charge ni, tí fóònù yín sì ń lo Quick Charge, ẹ dá a padà. Onísọ̀ tó bá ní kò sáyè àyẹ̀wò, ẹ kí i, ẹ yà sí ìsọ̀ kejì.