Genadendal, South Africa: ẹ má kàn yà á kọjá

Ọ̀pọ̀ àlejò tó ń lọ sí ìlú Greyton máa ń yà sí Genadendal, ìlú kékeré tó wà nítòsí rẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò ṣọ́ọ̀ṣì ọdún 1893, ó parí. Wọ́n fi owó epo yẹn ṣòfò ni. Ìdajì ọjọ́ ló tọ́ sí ìlú yìí.

Láti Cape Town, bíi wákàtí méjì ni. Ẹ gba òpópónà N2, ẹ gun òkè Sir Lowry's Pass. Kí ẹ tó dé Caledon, ẹ yà sí òsì sí ọ̀nà R406. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà wakọ̀ níbẹ̀ o. Ẹ má gbára lé bọ́ọ̀sì.

Mùsíọ́mù ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀, nítorí láìsí àlàyé, ilé àtijọ́ lásán ni gbogbo ohun tó yí gbàgede ṣọ́ọ̀ṣì ká. Inú ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí wọ́n ṣí ní 1838 ló wà, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè náà. Ibẹ̀ lẹ ó ti mọ ìtàn Georg Schmidt, ajíhìnrere ìjọ Moravian (ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì kan) tó tẹ ibẹ̀ dó láàárín àwọn Khoikhoi, àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, ní 1738. Ó ṣe ìrìbọmi fún èèyàn márùn-ún ní 1742. Àwọn àlùfáà Dutch ní Cape sọ pé kò láṣẹ láti ṣe ìrìbọmi, ó sì padà sílé ní 1744. Nígbà tí ajíhìnrere mẹ́ta míì dé ní 1792, wọ́n bá ìyá arúgbó kan, Lena, tó ṣì tọ́jú Májẹ̀mú Tuntun tí Schmidt fún un. Ìyá yìí gan-an ló yẹ kí wọ́n máa fi polongo ìlú, ju Schmidt lọ.

Ẹ wo dùùrù onífèrè, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti ọlọ tí omi ń yí. Ẹ béèrè nípa ọ̀bẹ pẹ̀lú: iṣẹ́ ọ̀bẹ rírọ wà lára ohun tó sọ ìlú yìí di olókìkí. Láti ibí náà ni Mandela ti mú orúkọ tó sọ ilé ìjọba rẹ̀ ní Cape Town ní 1995.

Ọjọ́ Àìkú ò dáa fún ìbẹ̀wò. Ìsìn ni wọ́n ń ṣe. Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ ni kí ẹ lọ, kí ẹ sì tẹ mùsíọ́mù láago ṣáájú. Tó bá di oúnjẹ, Greyton ni ilé oúnjẹ pọ̀ sí, kò ju bíi kìlómítà mẹ́fà lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ gun òkè, ìrìn ọjọ́ méjì tó tó kìlómítà 25 bẹ̀rẹ̀ láti ìlú náà. Ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ CapeNature, àjọ tó ń dáàbò bo igbó àti ẹranko níbẹ̀, kí ẹ tó lọ. Oòrùn oṣù January lórí òkè yẹn kì í ṣe kékeré, nítorí náà ẹ gbé omi tó pọ̀ dání.