Bàtà onírin lásán àbí bàtà ẹ̀rọ ìgégi?

Bàtà onírin níwájú máa ń gba ìka ẹsẹ̀ là bí ìtì igi bá já lù ú. Ó parí síbẹ̀. Bí ẹ̀rọ ìgégi bá yọ̀ sí ọrùn ẹsẹ̀, awọ lásán ni ṣéènì máa bá níbẹ̀. Bàtà ẹ̀rọ ìgégi ní ààbò níbẹ̀ gan-an. Òṣùwọ̀n EN ISO 17249 ni wọ́n fi ń dán an wò, ìpele kìíní sì jẹ́ fún ṣéènì tó ń sáré mítà 20 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kì í ṣe gbogbo ṣéènì ni bàtà yìí lè dá dúró o, ó sì wọ́n, síbẹ̀ òun ni mo fara mọ́. Ní Bìrìtéènì, òfin 1992 lórí ohun ìdáàbòbò níbi iṣẹ́ ní kí agbanisíṣẹ́ pèsè rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Láti 2022, ó kan òṣìṣẹ́ aláìdúró náà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n yọ owó bàtà náà nínú owó iṣẹ́ yín.