Special Elite àbí Trixie: Èwo Ni Kí Ẹ Mú Nínú Fọ́ǹtì Táípúráítà Àtijọ́?

Kí ẹ tó sanwó fún fọ́ǹtì (ìrísí lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà) èyíkéyìí tó fi ara jọ táípúráítà àtijọ́, ẹ tẹ ‘warawara’ sí i, kí ẹ wá tẹjú mọ́ ‘a’ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Táípúráítà gidi kì í tẹ lẹ́tà kan bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ìka á wúwo níbí, á fúyẹ́ lọ́hùn-ún. Ríbọ́ọ̀nù, ìyẹn tẹ́ẹ́rẹ́ aṣọ tó ní yíǹkì, á máa gbẹ. Ìdọ̀tí á dí inú ‘e’ àti ‘o’. Bí ‘a’ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ní àbàwọ́n kan náà lójú kan náà, àṣírí ti tú.

Special Elite, iṣẹ́ ọwọ́ ilé iṣẹ́ fọ́ǹtì Astigmatic, ọ̀fẹ́ ni lórí ìkànnì Google Fonts, àṣẹ ìlò tó ń jẹ́ Apache tó wà lórí rẹ̀ sì gbà yín láàyè láti fi ṣe iṣẹ́ olówó. Ó rẹwà. Etí lẹ́tà rẹ̀ rí wúruwùru, yíǹkì rẹ̀ ṣú dáadáa. Fún àkọlé ìwé, pósítà tàbí káàdì ìpè, mi ò rí ìdí tí ẹ ó fi náwó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ ìrísí kan péré ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní, nítorí náà ìdánwò ‘warawara’ á mú un.

Trixie ni mo fẹ́ràn jù. Erik van Blokland, ará Netherlands, ló ṣe é ní 1991 láti ara lẹ́tà tí táípúráítà gidi tẹ̀. Ẹ̀dà rẹ̀ tuntun, Trixie HD, tó jáde ní 2008, ní ìrísí púpọ̀ fún lẹ́tà kan, ó sì ń pààrọ̀ wọn bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ ó sanwó o, fáìlì rẹ̀ sì wúwo fún kọ̀ǹpútà tó ti gbó. Ẹ ka ìwé àṣẹ rẹ̀ dáadáa, torí àṣẹ ti orí kọ̀ǹpútà lè má kan ti ìkànnì íntánẹ́ẹ̀tì.

Bó bá jẹ́ ojú ewé gbọọrọ ni ẹ fẹ́ kọ, ẹ má lo ìkankan nínú méjèèjì. Ojú á ro òǹkàwé. Fọ́ǹtì Courier Prime mọ́ tónítóní, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ibi tó dùn mí jù ni àmì Yorùbá. Ẹ tẹ ‘ọ̀ṣọ́’ àti ‘ẹ̀kọ́’ wò kí ẹ tó rà á. Bí fọ́ǹtì kò bá ní ‘ẹ’, kọ̀ǹpútà á lọ yá a lára fọ́ǹtì mìíràn, lẹ́tà mímọ́ kan á wá jókòó sáàárín àwọn onídọ̀tí. Mo ní ọgbọ́n kan fún un: ẹ tẹ ọ̀rọ̀ náà láìsí àmì, kí ẹ fi bíró fa àmì náà sórí bébà, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ sì tò ó sórí lẹ́tà níkọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀pọ̀ akọ̀wé wa ṣe ń ṣe é nìyẹn láyé táípúráítà: wọ́n á tẹ̀ ẹ́ tán, wọ́n á wá fi bíró sàmì sí i.