OpenMRS ní ilé ìwòsàn ojú: ibi tó ti lágbára, ibi tó ti kùnà, àti iṣẹ́ tó ń dúró de ẹni tó bá mú un

Irú glaucoma (àìsàn tó ń ba iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ jẹ́) tó wọ́pọ̀ jù láàárín wa kì í dun ènìyàn, kì í sì í fọ́ni lójú lọ́jọ́ kan. Ohun tó ń tú àṣírí rẹ̀ ni ìyípadà díẹ̀díẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Nítorí náà, ohun kan ni mo fi ń wọn gbogbo sọ́fítíwià tí wọ́n bá gbé wá fún ilé ìwòsàn ojú: tí mo bá ṣí orúkọ aláìsàn, ṣé mo lè rí ìfúnpá inú ojú ọ̀tún rẹ̀ láti ọdún márùn-ún sẹ́yìn lórí ìlà kan, kí ti ojú òsì wà lórí ìlà tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ tó kọ wọ́n kò pa pọ̀? Èyí tí kò bá lè ṣe é, fáìlì inú kọ́bọ́ọ̀dù sàn jù ú lọ, nítorí fáìlì kì í béèrè iná.

OpenMRS, sọ́fítíwià tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ aláìsàn, lè ṣe é, àmọ́ kò ní ṣe é lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yin lẹ ó kọ́ apá ojú sínú rẹ̀ fúnra yín.

Ọdún 2004 ni Paul Biondich àti Burke Mamlin, dókítà méjì láti Regenstrief Institute ní Indiana, Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n rí bí àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn HIV ṣe ń pọ̀ kọjá agbára ní Eldoret, Kenya. Ọ̀fẹ́ ni, lábẹ́ ìwé àṣẹ Mozilla Public License 2.0. Java ni wọ́n fi kọ ọ́, MySQL tàbí MariaDB ló sì ń tọ́jú dátà rẹ̀. Ẹ̀ka kẹta rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní O3, ni kí ilé ìwòsàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ mú. Ní Nàìjíríà, orí rẹ̀ ni wọ́n kọ́ NMRS tí àwọn kílínììkì HIV ń lò, èyí sì ń ṣe ẹni tó bá ń wá òṣìṣẹ́ láǹfààní: àwọn tó ti bá irú sọ́fítíwià yìí ṣiṣẹ́ rí wà káàkiri ìpínlẹ̀, ẹ kò ní í máa kọ́ ènìyàn láti A.

Bó ṣe ń to nǹkan kò ṣòro láti mọ̀. Wíwá tí aláìsàn wá lónìí ni visit. Tábìlì kọ̀ọ̀kan tó bá dé, ti nọ́ọ̀sì tó wọn ìríran, ti ẹni tó wo awò, ti dókítà, encounter ni. Ohun kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá kọ níbẹ̀ ni obs. Obs kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ so mọ́ concept kan, ìyẹn orúkọ ohun tí wọ́n wọ̀n tàbí tí wọ́n béèrè, nínú àkójọ concept. Ibi àkójọ yìí ni ilé ìwòsàn ojú ti ń borí tàbí tó ti ń ṣubú, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ dúró sí pẹ́.

Ẹ lè gba àkójọ CIEL tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀, ó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún concept. Ó tó fún àìsàn, oògùn àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Fún ojú, ẹ ó ní láti fi tiyín kún un. Ìpinnu àkọ́kọ́ ni bí ẹ ó ṣe ya ọ̀tún sọ́tọ̀ kúrò lára òsì. Àwọn kan máa ń dá concept kan ṣoṣo fún ìfúnpá ojú, wọ́n á wá fi ìbéèrè "ojú wo?" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ obs. Ó mọ́ lójú ẹni tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Ìṣòro rẹ̀ ni pé concept kọ̀ọ̀kan ni àwòrán ìlà inú O3 ń yà, kò mọ̀ pé ojú méjì ló wà nídìí rẹ̀. Ọ̀tún á 18, òsì á 27, ìlà á máa gun òkè á máa sọ̀kalẹ̀ bíi pé ojú kan náà ni. Ẹ dá concept méjì: ìfúnpá ojú ọ̀tún, ìfúnpá ojú òsì. Bákan náà fún ìríran, fún nọ́ńbà awò mẹ́ta (sphere, cylinder àti axis), fún ìwọ̀n ihò orí iṣan ojú (cup-to-disc ratio). Àkójọ á gùn sí i, àmọ́ àwòrán á sọ òótọ́.

Bí concept bá jẹ́ nọ́ńbà, ẹ má ṣe fi ààyè òdiwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. OpenMRS ní òdiwọ̀n tí nọ́ńbà kò gbọdọ̀ kọjá rárá, ó sì ní èyí tó kàn ń sọ pé ó ga jù tàbí ó kéré jù. Fún ìfúnpá ojú, mo máa ń fi 0 sí 80 ṣe ààlà tí kò ṣeé kọjá, 10 sí 21 ṣe ti ara tó dá, 40 ṣe ibi tó léwu. Ẹni tó bá tẹ 160 dípò 16, fọ́ọ̀mù á kọ̀ fún un. Ẹni tó tẹ 61 dípò 16 á wọlé, àmọ́ nọ́ńbà náà á hàn ní ibi èsì pé ó ga kọjá ààlà, dókítà á sì tún un wọ̀n. Ẹ fi ọ̀nà tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n àti aago sí i pẹ̀lú. Èyí tí ẹ̀rọ Goldmann sọ ní aago mẹ́jọ àárọ̀ àti èyí tí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ sọ ní aago mẹ́ta ọ̀sán kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn.

Ti awò ojú ló máa ń kó àwọn tó ń ṣètò rẹ̀ sí wàhálà jù. Bí ẹ bá dá concept nọ́ńbà, OpenMRS ní ibi tí ẹ ti ń yàn bóyá kó gba ìdá nínú rẹ̀. Bí kò bá gba ìdá lórí sphere, -1.25 kò ní wọlé, nọ́ọ̀sì á sì yí i sí -1 kí iṣẹ́ lè lọ. Ààlà ìsàlẹ̀ náà gbọ́dọ̀ lọ sí ìhà òdì. -30 sí +25 tó fún sphere. Axis gbọ́dọ̀ wà láàárín 1 sí 180 láìní ìdá. Fún cylinder, ohun kan wà tí mo ń gba gbogbo ènìyàn nímọ̀ràn láti ṣe: ẹ fi 0 ṣe ààlà òkè rẹ̀. Ìdí ni pé -2.00/+1.00×90 àti -1.00/-1.00×180 jẹ́ awò kan náà, àmọ́ bí òṣìṣẹ́ kan bá ń kọ cylinder ní plus tí èkejì ń kọ ọ́ ní minus, ẹni tó bá fi ti ọdún yìí wé ti ọdún tó kọjá á rò pé ojú ti yí padà. Ààlà 0 á fi ipá mú gbogbo ilé ìwòsàn wá sí minus. Ẹ tún wo ìwé tí ẹ ó tẹ̀ fún ẹni tó ń gé awò: àpótí nọ́ńbà máa ń gbé àmì + dànù, 1.25 tí kò ní àmì sì lè di èyí tó lòdì ní ìdí ẹ̀rọ. Kí ìwé títẹ̀ náà dá + padà fúnra rẹ̀.

Ìríran ńkọ́? Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wù ú. Láàárín oṣù díẹ̀ ẹ óò ní 6/9, 6/9p, 6/9 part àti 6/9-2, kọ̀ǹpútà á ka ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ohun ọ̀tọ̀. Kó jẹ́ yíyàn láti inú àkójọ: 6/6 títí dé 6/60, lẹ́yìn náà CF (ó lè ka ìka), HM (ó rí ọwọ́ tó ń mì), PL (ó rí ìmọ́lẹ̀), NPL (kò rí ìmọ́lẹ̀), pẹ̀lú àpótí kejì tó ń sọ bóyá pẹ̀lú awò ni, láìsí awò ni, tàbí pinhole (wíwò láti inú ihò kékeré). Bí ẹ bá fẹ́ ya ìlà rẹ̀, fọ́ọ̀mù O3 lè ṣírò LogMAR, ìyẹn ìríran tí a sọ di nọ́ńbà, sí concept nọ́ńbà fúnra rẹ̀: 6/6 jẹ́ 0.0, 6/12 jẹ́ 0.3, 6/60 jẹ́ 1.0.

Ẹ dán gbogbo èyí wò lórí sẹ́fà ìdánwò kí aláìsàn gidi tó dé. Bí obs kan ṣoṣo bá ti so mọ́ concept, OpenMRS kò ní jẹ́ kí ẹ sọ ọ̀rọ̀ di nọ́ńbà mọ́. Ẹ ó ní láti fi ti àtijọ́ sẹ́yìn, kí ẹ dá tuntun, ìtàn aláìsàn á sì já sí méjì. Mo gbà pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ètò tó bá ń jẹ́ kí wọ́n yí ìtumọ̀ nọ́ńbà padà lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ ọ́ léwu. Inú mi dùn sí bó ṣe ń ṣe ti àṣìṣe náà: ohun tí a kọ kì í parẹ́, a máa ń wọ́gi lé e pẹ̀lú ìdí, orúkọ ẹni tó wọ́gi lé e àti àkókò rẹ̀ á sì wà níbẹ̀.

Níbi ìforúkọsílẹ̀, ìbejì ni kí ẹ fi dán an wò. Táíwò àti Kẹ́hìndé ní orúkọ bàbá kan náà, ọjọ́ ìbí kan náà, àdírẹ́sì kan náà, nọ́ńbà fóònù ìyá kan náà. Bí ẹni tó wà ní kántà bá ń fi orúkọ bàbá nìkan wá wọn, ọjọ́ kan á mú ti ẹ̀gbọ́n fún àbúrò. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ OpenMRS wúlò níbí, nítorí lẹ́tà tó kẹ́yìn nínú rẹ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n fi ìṣírò Luhn Mod 30 rí. Bí ẹ bá ṣi lẹ́tà kan tẹ̀, á mọ̀. Ẹ fi nọ́ńbà káàdì àtijọ́ ṣe ìdánimọ̀ kejì, kí ẹni tó mú káàdì ọdún mẹ́wàá dání lè rí ara rẹ̀. Àwọn àgbà tí kò mọ ọjọ́ ìbí wọn ní ààyè tiwọn: ẹ yàn pé a kò mọ̀ ọ́n, ẹ kọ ọjọ́ orí, á fi àmì sí i pé ìfojúbù ni. Ti àmì ohùn sì tún wà: Adébáyọ̀ àti Adebayo lè má pàdé ara wọn nígbà tí ẹ bá ń wá orúkọ, nítorí ọ̀ jẹ́ lẹ́tà kan pẹ̀lú àmì tó dá dúró lórí rẹ̀. Ẹ dán wíwá méjèèjì wò. Bí kò bá ṣe déédéé, aláìsàn kan lè ní ju orúkọ kan lọ nínú OpenMRS, ẹ kọ èkejì sílẹ̀ láìsí àmì.

Ibi tó ti kùnà ni àwòrán. Ìwé tó jáde láti inú ẹ̀rọ tó ń wọn ìgbòòrò ìríran àti èyí tó jáde láti inú OCT, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ẹ̀yìn ojú, lè wọlé gẹ́gẹ́ bí àsomọ́, ẹ óò lè wò ó, ó parí síbẹ̀. Kò ní fa nọ́ńbà inú rẹ̀ yọ. Nítorí náà ẹ dá concept fún mean deviation (bí ìgbòòrò ìríran ṣe dínkù tó) àti fún ìwọ̀n RNFL (bí ìpele iṣan ẹ̀yìn ojú ṣe nípọn tó), ojú kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí ẹnì kan fi ọwọ́ tẹ nọ́ńbà méjèèjì wọlé. Ó ń gba àkókò, mo mọ̀, àmọ́ òun ni ẹ̀rí pé glaucoma ń lọ tàbí ó dúró. Bí ẹ bá fẹ́ tọ́jú àwòrán DICOM (irú fáìlì àwòrán ìṣègùn) fúnra rẹ̀, ẹ gbé Orthanc, sẹ́fà àwòrán, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Owó gbígbà náà kò lágbára tó fún ilé ìwòsàn tó ń bá HMO (ilé iṣẹ́ ìdójútòfò ìlera) ṣe. Kóòdù àṣẹ tí HMO ń fúnni kí a tó fọwọ́ kan aláìsàn gbọ́dọ̀ ní àpótí tirẹ̀ lórí visit, kì í ṣe nínú àlàyé dókítà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹni tó ń kọ owó ní ìparí oṣù á máa ka àlàyé lọ́kọ̀ọ̀kan. Bahmni, tó so OpenMRS pọ̀ mọ́ Odoo fún owó, OpenELIS fún yàrá àyẹ̀wò, àti dcm4chee fún àwòrán, tán apá kan nínú ìṣòro yìí. Ṣùgbọ́n ètò mẹ́rin ni ẹ ó máa tọ́jú.

Sẹ́fà: inú ilé ìwòsàn ni kó wà. Kọ̀ǹpútà kékeré kan tó ní SSD àti RAM 8GB sókè, pẹ̀lú rúútà, tó fún yàrá mélòó kan, iṣẹ́ á sì máa lọ bí íntánẹ́ẹ̀tì bá tilẹ̀ lọ. Ẹ fi UPS sáàárín ínfátà àti sẹ́fà, nítorí ìṣẹ́jú àáyá tí ínfátà fi ń gba iná NEPA lè tún sẹ́fà tàn láàárín iṣẹ́. Ẹ̀dà ìpamọ́ tí ọ̀pọ̀ ń fi sí aago méjì òru kò ní ṣẹlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń paná ilé ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ẹ fi sí ọ̀sán, kí mysqldump, ètò tó ń ṣe ẹ̀dà database, lo --single-transaction kí iṣẹ́ má bàa dúró. Ohun tí wọ́n máa ń gbàgbé rèé: àwọn àsomọ́ kò sí nínú database, inú fódà complex_obs ni wọ́n wà. Ẹni tó tọ́jú database nìkan á dá ilé ìwòsàn padà láìsí àwòrán kan ṣoṣo. Ẹ máa gbé ẹ̀dà náà sórí kọ̀ǹpútà mìíràn lóṣooṣù, kí ẹ ṣí aláìsàn kan àti àwòrán rẹ̀.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an ni kí ẹ yí admin àti Admin123 padà. Gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Kí olúkúlùkù ní orúkọ ìwọlé tirẹ̀. Nínú òfin Nigeria Data Protection Act ti ọdún 2023, ọ̀rọ̀ ìlera wà lára dátà tó gba ìtọ́jú àrà ọ̀tọ̀, bí ó bá sì jò lọ́nà tó lè pa aláìsàn lára, láàárín wákàtí 72 lẹ ní láti fi tó Nigeria Data Protection Commission létí. Díìsìkì ìpamọ́ tí kò ní ìtìpa, tí ẹnì kan gbé sínú ọkọ̀ lọ sílé, wà lára ohun tí òfin náà kàn.

Ta ni kó mú un? Ilé ìwòsàn tó ní dókítà ojú méjì sókè, tó sì lè sanwó fún ẹni tó mọ Docker (ohun tí wọ́n fi ń gbé sọ́fítíwià sórí sẹ́fà) àti MariaDB, ó kéré tán ọjọ́ kan lọ́sẹ̀. Dókítà tó dá wà láìní ẹni bẹ́ẹ̀, kó má mú un. Ọ̀fẹ́ ni owó rẹ̀, kò sí ọ̀fẹ́ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kí ojú ti wà nínú ètò náà tẹ́lẹ̀, kó wo OpenEyes, sọ́fítíwià ojú tó ti Moorfields Eye Hospital ní London jáde. EyeDraw inú rẹ̀ ń jẹ́ kí dókítà ya ojú lórí kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá sì fẹ́ ra ti ilé iṣẹ́, kó béèrè kí wọ́n kó gbogbo dátà aláìsàn kan jáde ní CSV lójú rẹ̀, pẹ̀lú ìtumọ̀ òpó kọ̀ọ̀kan, kó tó san kọ́bọ̀.

Nípa fáìlì àtijọ́, ẹ má ṣe gba ọmọ tí yóò máa tẹ gbogbo wọn wọlé. Bí aláìsàn bá ti wá ni kí ẹ tẹ ti òun: ìfúnpá ojú méjèèjì kó tó bẹ̀rẹ̀ oògùn, ìwọ̀n ihò orí iṣan ojú tó kẹ́yìn, iṣẹ́ abẹ tó ti ṣe pẹ̀lú ojú tí wọ́n ṣe é sí, oògùn tí ara rẹ̀ kọ̀, awò tó ń lò. Ẹ fi ọjọ́ tí wọ́n wọ̀n ọ́n gan-an sí encounter náà, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ìlà lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó yẹ.