Ta ni kí ẹ gbé balùwẹ̀ yín fún? Ìfiwéra ọ̀nà mẹ́ta àti ìwé owó méjì

Ìwé owó méjì ló wà lórí tábìlì mi nígbà tí mo fẹ́ tún balùwẹ̀ mi ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Ti àkọ́kọ́ kò ju ìlà mẹ́ta lọ: táìsì, púlọ́ńbà, owó iṣẹ́. Wọ́n fa ìlà sídìí rẹ̀, wọ́n kọ àpapọ̀, ó tán. Èkejì jẹ́ ojú ewé mẹ́rin, owó rẹ̀ sì ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Mo ti fẹ́ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n tó rí gbólóhùn kan lójú ewé kejì rẹ̀: "A ó fi omi kún ilẹ̀ ṣáwà fún wákàtí 24 kí ẹnikẹ́ni tó lẹ táìsì síbẹ̀." Ibẹ̀ ni mo ti dáwọ́ ìwákiri dúró.

Ohun tó jẹ́ kí gbólóhùn yẹn wọ̀ mí lára ni ohun tí ojú mi rí lẹ́ẹ̀kìíní. Èmi fúnra mi ni mo kó oníṣẹ́ jọ nígbà náà: púlọ́ńbà lọ́tọ̀, onítáìsì lọ́tọ̀, oníṣẹ́ iná lọ́tọ̀. Mo rò pé ọgbọ́n ni mo ń dá, mo fẹ́ yọ owó kọngílá kúrò. Balùwẹ̀ náà ń dán gbinrin. Nígbà tó máa fi di oṣù keje, àbàwọ́n kan tó rí bí tíì tó dà sílẹ̀ ti ń tàn ká lórí àjà yàrá ìsàlẹ̀. Mo pe púlọ́ńbà. Ó ní onítáìsì ló lu páìpù òun. Mo pe onítáìsì. Ó ní páìpù ti ń jò kí òun tó débẹ̀. Nígbà tí a fọ́ ilẹ̀ náà, ìdí páìpù gbẹ táútáú. Àárín táìsì lomi ń gbà wọlé, kò sì sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀ tó máa dá a dúró. Púlọ́ńbà rò pé iṣẹ́ onítáìsì ni láti fi í síbẹ̀. Onítáìsì rò pé wọ́n ti fi í síbẹ̀ kí òun tó dé. Èmi tí mo pè wọ́n, n kò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan bẹ́ẹ̀ wà.

Nítorí náà, ìbéèrè kan ni mo fi ń wọn ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà nísàlẹ̀ yìí: ta ló ni iṣẹ́ tó bọ́ sáàárín oníṣẹ́ méjì?

Ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

| | Ẹ kó oníṣẹ́ jọ fúnra yín | Kọngílá ń ṣiṣẹ́, ẹ̀yin ń ra ẹrù | Kọngílá ló ni gbogbo rẹ̀ |
|---|---|---|---|
| Owó níbẹ̀rẹ̀ | Ó sábà máa ń kéré jù | Àárín | Ó sábà máa ń ga jù |
| Ta ló ń ṣètò ẹni tó kàn? | Ẹ̀yin | Kọngílá | Kọngílá |
| Bí ẹrù kò bá tó tàbí tí kò báramu | Ó di ti yín | Ó di ti yín, iṣẹ́ á sì dúró | Ó di tirẹ̀ |
| Bí omi bá jò lẹ́yìn tí wọ́n ti lọ | Ẹ máa wá ẹlẹ́bi kiri | Ó lè ní ẹrù tí ẹ rà ni kò dáa | Ẹnì kan ṣoṣo lẹ máa pè |

Ọ̀nà àkọ́kọ́ kì í ṣe ọ̀nà burúkú o. Bó bá jẹ́ pé ẹnu ẹ̀rọ omi lẹ fẹ́ pààrọ̀, tàbí dígí, tàbí ọ̀dà ògiri, tàbí kí ẹ gbé àwo ìgbọ̀nsẹ̀ tuntun sójú ihò ti àtijọ́, kí lẹ fẹ́ fi kọngílá ṣe? Ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, kó ṣe é, kó máa lọ. Ọ̀rọ̀ yí padà ní kété tí òòlù bá kan ilẹ̀ tàbí ògiri. Láti ìgbà náà lọ, orí iṣẹ́ ẹnì kan ni ẹlòmíràn máa gbé tirẹ̀ lé. Wọ́n á fọ́ ti àtijọ́, púlọ́ńbà àti oníṣẹ́ iná á wọlé, wọ́n á dán páìpù wò, bíríkìlà á rẹ́ ògiri àti ilẹ̀, wọ́n á fi ohun ìdènà omi sí i, ìyẹn á gbẹ. Ìgbà náà ló tó kan táìsì, kó tó kan gíráùtì tí wọ́n fi ń dí àárín rẹ̀, kí púlọ́ńbà tó tún padà wá de ẹ̀rọ omi mọ́ àyè wọn. Bí onítáìsì bá dé lọ́jọ́ tí ohun ìdènà omi kò tíì gbẹ, yálà kó padà sílé kí ẹ san owó ojúmọ́ rẹ̀ lásán, tàbí kó lẹ táìsì lé e bẹ́ẹ̀. Ẹ mọ èyí tó máa ṣe bí ẹ ò bá sí nílé.

Ọ̀nà kejì ló ń wu èèyàn jù, torí wọ́n gbà pé kọngílá máa fowó lé ẹrù. Òótọ́ ni, ọ̀pọ̀ wọn ń fowó lé e. Ṣùgbọ́n owó orí ẹrù yẹn náà ló ń jẹ́ kí wọ́n padà sọ́jà láìráhùn nígbà tí nǹkan kò bá báramu, nǹkan kì í sì í pẹ́ ṣàìbáramu nínú balùwẹ̀. Ẹ wo àwo ìgbọ̀nsẹ̀. Láti ojú ògiri dé àárín gbùngbùn ihò ẹ̀gbin tó wà nílẹ̀ ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ínǹṣì 12, ìyẹn nǹkan bíi mìlímítà 305, ló wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ti 10 àti ti 14 náà wà. Ojú ògiri tí wọ́n ń wí yìí, ojú táìsì ni, lẹ́yìn tí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́ tán. Ẹni tó bá wọ̀n ọ́n láti ara sìmẹ́ńtì lásán, táìsì àti gọ́ọ̀mù abẹ́ rẹ̀ máa jẹ nínú ìwọ̀n náà, ọpọ́n omi ẹ̀yìn àwo á wá há mọ́ ògiri. Ilé mìíràn sì wà tó jẹ́ pé inú ògiri ni páìpù ẹ̀gbin gbà lọ, kì í ṣe ilẹ̀. Ẹni tó ra ti ilẹ̀ lọ sí irú ilé bẹ́ẹ̀ á kàn gbé e sójú kan máa wò ó ni.

Táìsì náà ní wàhálà tirẹ̀. Bí ẹ bá wọn ilẹ̀ àti ògiri tán, ẹ fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún kún un fún èyí tí wọ́n máa gé àti èyí tó máa fọ́. Bí wọ́n bá máa lẹ̀ ẹ́ ní dídábùú láti igun dé igun, ẹ jẹ́ kó tó 15. Ẹ tún wo nọ́ńbà tó wà lára páálí. Táìsì tó jẹ́ orúkọ kan náà, tí wọn kò sun lọ́jọ́ kan náà, àwọ̀ rẹ̀ lè yàtọ̀ díẹ̀. Nínú ṣọ́ọ̀bù, ojú kì í rí i. Lára ògiri, ojú kì í rí nǹkan mìíràn.

Èmi máa ń la ẹrù sí méjì. Ohun tí ojú máa rí, bíi táìsì, básíìnì, dígí, orí ṣáwà, ẹ̀yin ni kí ẹ yàn án, kí ẹ sì rà á bó bá wù yín. Ohun tó máa wọ inú ògiri àti abẹ́ ilẹ̀, bíi páìpù, ohun ìdènà omi, wáyà, ẹ fi í sílẹ̀ fún kọngílá, kó má baà rí ẹni di ẹ̀bi rù. Ẹ ṣọ́ra lórí ẹ̀rọ ṣáwà tí ara rẹ̀ wà nínú ògiri: ara tó wọ inú àti ọwọ́ tó wà níta gbọ́dọ̀ bára mu, wọ́n sì sábà máa ń jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ kan náà. Ẹ rà wọ́n pa pọ̀.

Ìwé owó: ẹ ka ohun tí táìsì máa bò

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé àpapọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ìwé ni èèyàn fi ń wé àpapọ̀. Ìwé onílà mẹ́ta àti ìwé olójú ewé mẹ́rin kì í ṣe iṣẹ́ kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé balùwẹ̀ kan náà ni.

Ohun ìdènà omi ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Táìsì ò dá omi dúró, gíráùtì ò dá omi dúró. Ẹ̀wà ni tiwọn, wọ́n sì ń gba ìfarapa. Ohun tó wà lábẹ́ wọn ló ń dá omi dúró. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Ọ̀kan jẹ́ èyí tí wọ́n ń kùn bí ọ̀dà, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì, tí èkìíní á gbẹ kí wọ́n tó kun èkejì. Òun ló rọrùn ní igun àti yí páìpù ká, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tó ń kùn ún ló máa pinnu bó ṣe máa nípọn tó. Ìkejì jẹ́ èyí tí wọ́n ń tẹ́ bí ẹní rọ́bà. Láti ilé-iṣẹ́ ni nínípọn rẹ̀ ti dọ́gba. Ojú ibi tí ẹní méjì ti pàdé ni àléébù rẹ̀ máa ń wà. Èyíkéyìí nínú méjèèjì dára lójú mi. Ohun tí mo fẹ́ ni kí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé, kí wọ́n sì kọ bó ṣe máa gun ògiri ṣáwà dé. Ẹni tó bá dáhùn pé "ẹ má ṣèyọnu, sìmẹ́ńtì wa dáa", ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ sì pe ẹlòmíràn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìdagẹ̀rẹ̀ ilẹ̀. Ilẹ̀ ṣáwà gbọ́dọ̀ rẹ̀lẹ̀ lọ sójú ihò omi, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 ní mítà kan. Sìmẹ́ńtì ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló yẹ kó ti dagẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ gọ́ọ̀mù táìsì ni wọ́n fẹ́ fi ṣe é, omi tó bá jò wọlé máa dúró sórí ohun ìdènà omi bí adágún, kò ní ríbi lọ.

Ìyókù yá: kí wọ́n fi agbára omi tàbí afẹ́fẹ́ dán páìpù wò kí ògiri tó padé, kí fáànù tó ń fa ooru jáde dé ìta gbangba, kì í ṣe inú òrùlé níbi tí ọ̀rinrin máa ti jẹ igi, kí iná balùwẹ̀ ní ẹ̀rọ tó ń gé iná fúnra rẹ̀ nígbà tó bá ń jò sí ara èèyàn, èyí tó ń gé e bí iná tó ń jò bá tó mílíáńpíà 30 (30 mA) ní orílẹ̀-èdè púpọ̀. Bí ilé bá ti wà ṣáájú nǹkan bí ọdún 1980, kí wọ́n yẹ táìsì ilẹ̀ oníke àtijọ́ àti gọ́ọ̀mù abẹ́ rẹ̀ wò kí wọ́n tó fọ́ wọn, torí asbestos, ohun àlùmọ́nì onífọ́nrán kan, wọ́pọ̀ nínú irú wọn, eruku rẹ̀ sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Pọ́síléènì tàbí sẹ̀rámíìkì, àti àwọn tó ní "ẹ jẹ́ ká kàn lẹ̀ ẹ́ lé e"

Táìsì pọ́síléènì kì í fa ju ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀ lómi. Sẹ̀rámíìkì tí wọ́n ṣe fún ògiri ń fa jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ilẹ̀ ni kí ẹ náwó sí. Ògiri lè jẹ́ sẹ̀rámíìkì, ó tiẹ̀ rọrùn láti gé àti láti lu. Fún ilẹ̀ ṣáwà, kéékèèké ló dáa: wọ́n ń bá ìdagẹ̀rẹ̀ lọ, àárín wọn tó pọ̀ sì ń di ẹsẹ̀ mú. Táìsì ńlá tó ń dán bíi dígí lẹ́wà nínú fọ́tò. Ẹ wá fi ọṣẹ sí i.

Àwọn kan máa ní kí ẹ má fọ́ ti àtijọ́, kí àwọn lẹ tuntun lé e. Owó rẹ̀ kéré, eruku rẹ̀ kéré. Níbi ògiri tí omi kì í dé, tí táìsì àtijọ́ sì dúró gbọin, mo lè gbà. Nínú ṣáwà, rárá. Ẹ ò rí ohun tó wà lábẹ́, ẹ sì ń san owó láti má rí i mọ́.

Owó: ojúmọ́ tàbí àgbàṣe

Bí ẹ bá ń sanwó ojúmọ́, iṣẹ́ ò ní tètè parí. Bó bá jẹ́ àgbàṣe, iṣẹ́ lè yára jù. Nínú méjèèjì, àgbàṣe ni mo fara mọ́, níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá pín owó náà sí ìpele: díẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, òmíràn lẹ́yìn tí wọ́n bá dán páìpù wò, òmíràn lẹ́yìn táìsì, kí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún tó kẹ́yìn wà lọ́wọ́ yín títí gbogbo ohun kéékèèké tó kù á fi parí. Ẹni tó bá fẹ́ gba gbogbo rẹ̀ ṣáájú ń sọ nǹkan kan fún yín.

Ẹ tún ya ìdá 10 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ náà sọ́tọ̀, kí ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n bá fọ́ ògiri, páìpù tó ti dípẹtà tàbí igi tó ti jẹrà lè yọjú, kò sì sí kọngílá tó lè rí i látìta. Kí ẹ ṣáà ti gbà á ní ìwé àdéhùn pé ohunkóhun tó bá yí padà, wọ́n á kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, ẹ ó sì fọwọ́ sí i kí wọ́n tó ṣe é.

Nípa fọ́tò iṣẹ́ àtẹ̀yìnwá, n kì í wò ó púpọ̀. Balùwẹ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá kò sí èyí tí kò dára. Mo ní kí wọ́n mú mi lọ sí èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún méjì tàbí mẹ́ta sẹ́yìn. Mo dúró nínú ṣáwà náà, mo fa imú, mo fi oríkèé ìka kan táìsì lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí gọ́ọ̀mù kún abẹ́ rẹ̀ máa ń dún kọ́. Èyí tí abẹ́ rẹ̀ ṣófo máa ń dún bí ìkòkò. Méjì péré ló dún bí ìkòkò níbẹ̀, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n sì wà. Ìyàwó ilé náà bú sẹ́rìn-ín nígbà tó rí mi lórí ìkúnlẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fi omi kún ilẹ̀ ṣáwà mi, kọngílá dí ihò omi, ó tú omi sí i, ó yọ pẹ́ńsùlù lẹ́tí, ó fa ìlà sára ògiri níbi tí ojú omi dé, ó kọ 10:20 sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ ibí títí di ọ̀la." Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, àjà yàrá ìsàlẹ̀ ni mo kọ́kọ́ lọ wò, mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Ó gbẹ. Mo gòkè, mo tan iná fóònù, mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Omi ṣì wà lójú ìlà. Mo pè é lórí fóònù. Ó ní kí n yọ ohun tí òun fi dí ihò náà, onítáìsì ti wà lọ́nà.